Excel, Google Sheets, Calc àbí OpenRefine: èwo ni kí ẹ fi tún àkọsílẹ̀ oníbàárà ṣe?

Àtòjọ oníbàárà tó ti lo ọdún kan lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta kì í ṣàìdọ̀tí. Ẹnì kan á fi orúkọ ìdílé ṣáájú, ẹlòmíì á fi í sẹ́yìn. Oníbàárà kan náà á wọlé lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ímeèlì, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, ẹ̀ẹ̀kẹta pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ṣì kọ. Bí ọ̀gá bá wá béèrè pé oníbàárà mélòó la ní, iye tí ẹ máa sọ á dá lórí bí ẹ ṣe tún àtòjọ náà ṣe.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ ni pé ohun èlò wo ló dára jù. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́ náà sí méjì. Àtúnṣe dátà lọ́tọ̀, ìjábọ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó mọ ìjábọ̀ yà dáadáa lè má mọ bí wọ́n ṣe ń so orúkọ méjì tó jọra pọ̀, èyí tó mọ̀ ọ́n sì lè má lè ya àwòrán kankan. Ohun kejì tí mo máa ń bi èèyàn ni pé, ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, àbí oṣooṣù láá máa padà wá? Bó bá máa padà wá, ẹ wá ohun tó lè rántí gbogbo ìgbésẹ̀ yín kó sì tún un ṣe fúnra ẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí nìkan ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ yíyàn, ju kí ẹ máa ka iye fọ́múlà tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Ìdọ̀tí tí ẹ lè fi dán wọn wò

Nọ́ńbà fóònù ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí ẹ bá tẹ fáìlì CSV (dátà lásán tí kọ́mà pín sí òpó) lẹ́ẹ̀mejì kó lè ṣí nínú Excel, Excel á rò pé iye lásán ni nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, á sì gé òdo iwájú dànù. Nọ́ńbà tó gùn ju díjíìtì 15 lọ tún burú jù bẹ́ẹ̀: gbogbo díjíìtì tó wà lẹ́yìn ìkẹẹ̀ẹ́dógún á di òdo, tí ẹ bá sì ti fi fáìlì náà pamọ́ lórí ti tẹ́lẹ̀, ẹ ò lè rí wọn gbà padà mọ́. Kóòdù oníbàárà tí wọ́n kọ ní MAR12 á di ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta. Èyí tí wọ́n kọ ní 12E5 á di mílíọ̀nù kan ó lé igba ẹgbẹ̀rún. Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sórí àwọn oníṣòwò o. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì èèyàn lórúkọ, HGNC, kéde pé àwọn ti yí orúkọ àwọn jíìnì kan padà, MARCH1 di MARCHF1, SEPT1 di SEPTIN1, torí pé Excel ò yéé sọ wọ́n di ọjọ́. Ọdún 2023 ni Microsoft tó fún gbogbo èèyàn ní ibi tí wọ́n ti lè pa ìwà yìí, lábẹ́ File, Options, Data.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni àlàfo tí ojú ò rí. Dátà tí wọ́n dà kọ látorí ìkànnì sábà máa ń ní àlàfo kan tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 160. Ó jọ àlàfo gidi, àmọ́ TRIM, fọ́múlà tó ń gé àlàfo nínú Excel, ò ní fọwọ́ kàn án. Àǹfààní «Trim whitespace» tó wà nínú Google Sheets náà ò ní yọ ọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì ni:

=TRIM(SUBSTITUTE(A2,CHAR(160)," "))

Èyí tó kan àwa tó ń kọ orúkọ pẹ̀lú àmì gbọ̀ngbọ̀n ni lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú «ọ» bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè tọ́jú ẹ̀ bíi «o» lásán pẹ̀lú àmì tí wọ́n so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ojú wa ò lè mọ̀yàtọ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù fóònù bá kọ ọ́ lọ́nà kan, tí ti kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ lọ́nà kejì, oníbàárà kan ṣoṣo lè di méjì nínú àtòjọ. Ẹ fi LEN, fọ́múlà tó ń ka iye lẹ́tà, wò ó: bí orúkọ méjì bá jọra lójú pátápátá tí LEN sì ń fún yín ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ti mú un nìyẹn. Ó lè jẹ́ àmì yìí, ó sì lè jẹ́ àlàfo tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Àmì tún lè bàjẹ́ nígbà tí fáìlì bá ń ṣí. Tí CSV bá jẹ́ UTF-8 (ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà) tí kò ní àmì ìdánimọ̀ níbẹ̀rẹ̀, Excel orí Windows lè ṣí i kí gbogbo «ẹ» di «áº¹». Tí ẹ bá ti rí irú ẹ̀, ẹ má ṣe fi fáìlì náà pamọ́. Ẹ tì í, kí ẹ gba ọ̀nà Data, From Text/CSV wọlé.

Ẹ kó irú àwọn ìlà báyìí bíi ogún jọ sínú fáìlì kékeré kan, kí ẹ fi dán ohun èlò yòówù tí ẹ fẹ́ mú wò. Á kọ́ yín ju ìpolówó èyíkéyìí lọ.

Excel

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àwọn mọ Excel ò tíì ṣí Power Query rí, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kéèyàn torí ẹ̀ yan Excel fún iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn. Láti Excel 2016 ló ti wà nínú Data, lábẹ́ Get & Transform. Kì í fọwọ́ kan fáìlì tí dátà ti wá. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe, ì báà jẹ́ yíyọ àlàfo, pípín orúkọ sí méjì tàbí sísọ ímeèlì di lẹ́tà kékeré, ló ń kọ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ Applied Steps. Tí fáìlì oṣù tó ń bọ̀ bá dé, ẹ fi í sípò ti tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ Refresh, gbogbo ìgbésẹ̀ yẹn á tún ara wọn ṣe. Ẹ tiẹ̀ lè darí ẹ̀ sí fódà kan, kó máa kó gbogbo fáìlì tó bá wà níbẹ̀ pọ̀.

Ó ní pàkúté tiẹ̀. Bó bá ti ń gba CSV wọlé báyìí ló máa fi ìgbésẹ̀ kan tó ń jẹ́ Changed Type kún un láìbéèrè, òdo iwájú nọ́ńbà fóònù á sì tún lọ. Ẹ pa ìgbésẹ̀ yẹn rẹ́, kí ẹ fúnra yín sọ òpó fóònù di Text. Èkejì: Remove Duplicates inú Power Query ń fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré, àmọ́ bọ́tìnì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lójú Data kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àtòjọ kan náà, bọ́tìnì méjì, iye oníbàárà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ sọ ímeèlì di lẹ́tà kékeré ná kí ẹ tó yọ àdàkọ.

Kí n má purọ́, mi ò fẹ́ràn Remove Duplicates nínú ohun èlò kankan. Ńṣe ló máa mú ìlà àkọ́kọ́ tó bá rí, tó sì máa pa ìyókù rẹ́. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá ní ímeèlì láìní fóònù, tí ìlà kejì sì ní fóònù, fóònù yẹn ti bá a lọ. Oníbàárà tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì nílò ìsopọ̀, kì í ṣe pípa. Ohun tó dáa ni kí ẹ kọ́kọ́ fi COUNTIF ka iye ìgbà tí ímeèlì kọ̀ọ̀kan fara hàn, kí ẹ to àwọn tó ju ẹyọ kan lọ síra, kí ẹ kó ohun tó wà nínú gbogbo wọn sínú ìlà kan, lẹ́yìn náà kí ẹ wá yọ ìyókù. Nínú Power Query, Group By lè ṣe èyí: ẹ kó ìlà jọ nípa ímeèlì, kí ẹ sì ní kó mú iye tó tóbi jù (Max) nínú òpó fóònù, torí àpótí tó ṣófo ò ní borí èyí tó ní nǹkan nínú.

Bí orúkọ bá jọra láìṣe ọ̀kan náà, Power Query inú Microsoft 365 lè so tábìlì méjì pọ̀ pẹ̀lú fuzzy matching. Ìwọ̀n ìjọra tó máa ń lò bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan ni 0.80. Ẹ má gbà á gbọ́ láìwò ó lójú. Ìbejì tó ń gbé ilé kan náà, tí wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, lè jọra ju 0.80 lọ.

Flash Fill náà wà níbẹ̀ láti 2013, tí ẹ bá tẹ Ctrl+E. Ó dáa fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Kì í fi fọ́múlà sílẹ̀, torí náà tí dátà bá yí, èsì ẹ̀ ò ní yí. Ti Mac: Power Query wà níbẹ̀ báyìí, àmọ́ ó dé lẹ́yìn ti Windows, kò sì pé tó o.

Google Sheets

Agbára Sheets wà níbi tí dátà ti ń wọlé. Tí èèyàn márùn-ún bá ń kọ orúkọ oníbàárà sínú àtòjọ kan lọ́jọ́ kan náà, mi ò mọ ohun tó rọrùn jù ú lọ. Ẹ lè fi Data validation ti òpó kan mọ́ àwọn ohun tí ẹ yàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ orúkọ ìpínlẹ̀ kan lọ́nà mẹ́rin. Ẹ lè ti òpó ìdánimọ̀ pa kí ẹlòmíì má lè tún un kọ. Version history á jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó pa ìlà kan rẹ́ àti ìgbà tó pa á rẹ́, ẹ sì lè dá fáìlì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí tí kò bá wọlé, kò sẹ́ni tó máa gbá a.

Fún àtúnṣe, Data cleanup ní ohun mẹ́ta: àbá tó ń fúnni, yíyọ àdàkọ, àti gígé àlàfo. Àbá yẹn wúlò fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń tọ́ka sí ibi tí òǹkà tàbí ọjọ́ ò ti bára mu. Àmọ́ tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ látòkè ni. Ọgbọ́n tí mo máa ń gbà níbẹ̀ ni pé kí ṣíìtì àkọ́kọ́ jẹ́ ti dátà bó ṣe wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn, kí ṣíìtì kejì jẹ́ fọ́múlà nìkan, tó ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan wá tó sì ń tún un ṣe. ARRAYFORMULA pẹ̀lú REGEXREPLACE lè ṣe púpọ̀. Èyí á yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe díjíìtì kúrò nínú òpó fóònù, òdo iwájú á sì dúró:

=ARRAYFORMULA(REGEXREPLACE(TO_TEXT(B2:B),"\D",""))

Òdo ọ̀hún á dúró bí kò bá tíì lọ nígbà tí fáìlì ń wọlé o. Tí ẹ bá ń gba CSV wọlé láti File, Import, ẹ yọ àmì kúrò níwájú ibi tí wọ́n ti kọ pé kó sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà àti ọjọ́.

Ààlà ẹ̀ ni àpótí mílíọ̀nù 10 fún fáìlì kan. Àtòjọ tó ní òpó 20 á kún tó bá dé ìlà 500,000, àpótí tó ṣófo náà sì wà nínú kíkà. Fọ́múlà púpọ̀ á sì ti sọ ọ́ di ìgbín kó tó débẹ̀.

Calc

Calc inú LibreOffice jẹ́ ọ̀fẹ́, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń gba èèyàn níyànjú láti ní in bí wọ́n bá tiẹ̀ ń lo Excel. Ìdí kan ni: tí ẹ bá ṣí CSV nínú ẹ̀, ó máa kọ́kọ́ bi yín léèrè. Irú kóòdù lẹ́tà wo ni? Kí ló pín òpó sọ́tọ̀? Òpó wo ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán? Ẹ yan UTF-8, ẹ yan Text fún òpó fóònù, òdo ò ní lọ, àmì ò sì ní bàjẹ́. Find & Replace ẹ̀ náà gba regex (àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń wá irú ọ̀rọ̀ kan). Kò ní nǹkan tó dà bíi Power Query, torí náà iṣẹ́ oṣooṣù ò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

OpenRefine

Èyí kì í ṣe spreadsheet gan-an, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Ilé iṣẹ́ Metaweb ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Freebase Gridworks, Google rà wọ́n ní 2010 ó sì di Google Refine, nígbà tó di 2012 Google fi í sílẹ̀ fún àwùjọ, ó di OpenRefine. Inú bíráúsà lẹ ti máa rí i, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà yín ló ti ń ṣiṣẹ́, dátà ò lọ síbì kankan. Fún orúkọ oníbàárà, ìyẹn ṣe pàtàkì.

Iṣẹ́ tó mọ̀ jù ni kíkó àwọn ohun tó jọra jọ, èyí tó ń pè ní Cluster. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tó ń lò, fingerprint, máa ń sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré, á yọ kọ́mà àti àmì ìdánudúró, á wá to àwọn ọ̀rọ̀ bí ABD ṣe tò wọ́n. «Àjàyí, Bísí» àti «bísí àjàyí» á bọ́ sínú ẹgbẹ́ kan. Á fi ẹgbẹ́ náà hàn yín, ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá kó so wọ́n pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn: kọ̀ǹpútà dábàá, èèyàn pinnu. Àwọn ọ̀nà míì tún wà, Levenshtein tó ń ka iye lẹ́tà tó yàtọ̀, àti Metaphone tó ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún. Ìró Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe Metaphone, torí náà ẹ má retí ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá.

Gbogbo ìgbésẹ̀ ló wà nínú Undo/Redo, ẹ sì lè kó o jáde bíi JSON (fáìlì ọ̀rọ̀ tí wọ́n to ìgbésẹ̀ sí), kí ẹ lò ó fún fáìlì míì. Ìjábọ̀ ńkọ́? Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ kó dátà jáde nígbà tó bá mọ́, kí ẹ lọ ya ìjábọ̀ níbòmíì.

| | Excel | Google Sheets | Calc | OpenRefine |
|---|---|---|---|---|
| Ààlà | ìlà 1,048,576, òpó 16,384 | àpótí mílíọ̀nù 10 | ìlà 1,048,576. Òpó 16,384 láti ẹ̀dà 7.4 | ó wà lọ́wọ́ ìrántí kọ̀ǹpútà yín |
| Ṣé ó ń rántí ìgbésẹ̀? | bẹ́ẹ̀ ni, Power Query | fọ́múlà àti macro (ìgbésẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀) | fọ́múlà àti macro | bẹ́ẹ̀ ni, JSON |
| Orúkọ tó jọra | fuzzy matching | ẹ máa fi ọwọ́ ṣe é | ẹ máa fi ọwọ́ ṣe é | òun ló dáa jù |
| Èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan | tó bá wà lórí OneDrive | òun ló dáa jù | ó nira | rárá |

Ẹ má fojú kéré ìlà ààlà yẹn. Ní 2020, àjọ ìlera Public Health England ń gba èsì àyẹ̀wò kòrónà wọlé sínú fáìlì .xls ti àtijọ́, tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Fáìlì náà kún, ìlà tó kù sì já sílẹ̀. Èsì 15,841 ló sọnù nínú ìròyìn ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá. Bí fáìlì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín bá ṣì ń parí pẹ̀lú .xls, ẹ ní kí wọ́n yí i padà.

Tó bá kan ìjábọ̀

Pivot Table (tábìlì tó ń kó dátà jọ tó sì ń ṣírò ẹ̀) wà nínú Excel, Sheets àti Calc, àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tó ń da ìṣirò rú. Ká ní àtòjọ yín jẹ́ ti ohun tí wọ́n rà, oníbàárà kan lè ní ìlà mẹ́wàá. Count inú Pivot Table á ka ìlà mẹ́wàá yẹn bí oníbàárà mẹ́wàá. Nínú Sheets, ẹ kàn yan COUNTUNIQUE, ó parí. Nínú Excel, Distinct Count ò ní jáde àfi tí ẹ bá fi àmì sí «Add this data to the Data Model» nígbà tí ẹ ń dá Pivot náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀, wọ́n sì ń gbé iye tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ síwájú ọ̀gá.

Fún ìjábọ̀ tí èèyàn á máa ṣí wò lójoojúmọ́, QUERY inú Sheets ló wù mí. Fọ́múlà kan ṣoṣo ni, ẹ lè kà á bí ẹní ń ka gbólóhùn (Mimo ni orúkọ ṣíìtì tí dátà tó mọ́ wà):

=QUERY(Mimo!A1:F,"select C, count(A) where F is not null group by C",1)

Fún dátà tó pọ̀, tàbí tí ìjábọ̀ ní ojú ìwé púpọ̀, Excel ló lè gbé e.

Ewu tó wà nínú fífi ìjábọ̀ ránṣẹ́ ni ohun tí ojú ò rí. Pivot Table inú Excel máa ń gbé ẹ̀dà gbogbo dátà tó ti wá dání. Bí ẹ bá tiẹ̀ pa ṣíìtì dátà náà rẹ́, ẹni tó bá tẹ òǹkà kan lẹ́ẹ̀mejì lè rí orúkọ àti fóònù tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Oṣù kẹjọ 2023, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Àríwá Ireland fi spreadsheet kan síta láti dáhùn ìbéèrè ará ìlú, láìmọ̀ pé ṣíìtì tó fara pamọ́ wà nínú ẹ̀. Àlàyé nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 9,000 ló jáde, wọ́n sì bu owó ìtanràn £750,000 lé wọn. Òǹkà nìkan ni kí ẹ dà kọ sínú fáìlì tuntun, Paste Values, tàbí kí ẹ fi PDF ránṣẹ́. Nínú Sheets, ẹ wo Share dáadáa. Àtòjọ oníbàárà ò yẹ kó wà lábẹ́ «Anyone with the link» rárá.

Èmi, èyí tí màá yàn

Ẹ̀ẹ̀kan péré, tí orúkọ kún fún àṣìkọ: OpenRefine. Oṣooṣù, fáìlì kan náà láti ibì kan náà: Excel pẹ̀lú Power Query, láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn púpọ̀ tó ń kọ nǹkan sínú ẹ̀, dátà tí ò tó ìlà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún: Sheets. Ẹni tí kò fẹ́ sanwó, tó sì ń gba CSV láti ibi púpọ̀: Calc láti gbà á wọlé, OpenRefine láti tún un ṣe. Pípa méjì pọ̀ ò burú rárá. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, Sheets níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́, Excel níbi tí mo ti ń yà á.

Àmọ́ bí oníbàárà bá ti ń ní ìtàn tó gùn, ohun tó rà, ohun tó ṣàròyé lé lórí, ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kò sí èyí tó tọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ti nílò CRM (ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú àjọṣe pẹ̀lú oníbàárà) tàbí dátábéèsì nìyẹn. Kí ẹ tó kó lọ síbẹ̀, ẹ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò ní yí padà láé, kódà bó bá pààrọ̀ orúkọ, ímeèlì àti fóònù lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ọ̀hún sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà kan níwájú ẹ̀, bíi K00417, kí Excel má bàa rí òdo tó máa gé.